Kí Ló Dé Tí Róòmù Gba Ìsàmì Wa, Tí Kò Gba Oyè Àlùfáà Wa?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta pé:

"Àbúrò ọkọ mi ṣe àlùfáà Áńgílíkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kó lọ sí Ìlú Ọba. Òun ló so èmi àti ọkọ mi pọ̀, òun náà ló ṣe ìsàmì fún àwọn ọmọ wa. Ní báyìí ó ti di ọmọ Ìjọ Àgùdà. Wọ́n fi fídíò ìfinijoyè rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n kọ́kọ́ fi í jẹ díákónì, wọ́n wá fi í jẹ àlùfáà, bí ẹni tí kò joyè rí, tòun tìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jókòó síwájú. Ṣùgbọ́n wọn ò tún ìsàmì ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Ṣé ohun tó ṣe fún wa nígbà yẹn ò jámọ́ nǹkan kan ni? Kí ló dé tí wọ́n gba ìsàmì wa, tí wọn ò gba oyè àlùfáà wa?"

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń bọ̀: ọmọ Áńgílíkà ni mí, ìtàn ìjọ sì ni iṣẹ́ mi. N ó gbìyànjú kí ìhà méjèèjì lè sọ tẹnu wọn bó ṣe tọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná. Ìsàmì àwọn ọmọ yín dúró gbọn-in, ìgbéyàwó yín náà sì dúró, lójú Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti gbà pé bó bá di dandan, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìsàmì, ì báà ṣe obìnrin, ì báà ṣe ẹni tí kò joyè kankan, bó bá ti lo omi, tó pe orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, tó sì ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Òfin wọn tòní náà sọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ tún ìsàmì ṣe fún ẹni tó ti gbà á nínú ìjọ mìíràn, àfi bí ìdí gidi bá wà láti ṣiyèméjì. Ní ti ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ wọn ni pé ọkọ àti ìyàwó ló ń so ara wọn pọ̀ níwájú Ọlọ́run. Ẹlẹ́rìí ni àlùfáà tó dúró níbẹ̀. Bí Kristẹni méjì tí kì í ṣe ọmọ Àgùdà bá gbéyàwó nínú ìjọ tiwọn, ìgbéyàwó gidi ni Róòmù kà á sí. Nítorí náà, ohun méjèèjì tí àbúrò ọkọ yín ṣe fún yín kò gbára lé oyè tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Oyè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 13 September 1896, Póòpù Leo Kẹtàlá fi ìwé kan síta, Apostolicae curae lorúkọ rẹ̀. Ó ní oyè tí àwọn Áńgílíkà ń fi ènìyàn jẹ, òfo ni pátápátá, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ìwé yẹn ló wà lẹ́yìn ohun tí ẹ rí nínú fídíò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá nínú ìjọ wa, ló rò pé torí Ọba Henry Kẹjọ àtàwọn ìyàwó rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Henry fẹ́ kí Póòpù Clement Keje tú ìgbéyàwó òun àti Catherine ará Aragon ká, Póòpù kọ̀ jálẹ̀, òfin ọdún 1534 sì sọ ọba di olórí ìjọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Henry yìí kan náà ló ti kọ̀wé ta ko Martin Luther tẹ́lẹ̀, tí Póòpù tìtorí ẹ̀ fi oyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́ dá a lọ́lá ní 1521. Mísà àtijọ́, ní èdè Látìn, ló ń gbọ́ títí ó fi kú ní 1547, ìlànà àtijọ́ náà sì ni wọ́n fi ń fi àlùfáà joyè ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ọbabìnrin Mary, dá ilẹ̀ náà padà sábẹ́ Róòmù ní 1554, Kádínà Reginald Pole tó jẹ́ aṣojú Póòpù kò ní kí irú àwọn àlùfáà bẹ́ẹ̀ lọ tún oyè jẹ. Wọ́n ṣẹ̀, wọ́n dárí jì wọ́n, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Yíyapa kúrò lọ́dọ̀ Póòpù nìkan kì í sọ oyè di òfo. Títí dòní ni Róòmù gba oyè àwọn àlùfáà Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Ìlà-Oòrùn, bẹ́ẹ̀ wọn ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ìtàn kejì tí ẹ lè bá pàdé ni ti ilé ọtí. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth gorí oyè lẹ́yìn Mary, Matthew Parker ni wọ́n yàn ní Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni oyè Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ti ń ṣàn bọ̀. Ní 1604, àlùfáà Jésúìtì kan, Christopher Holywood, gbé e jáde nínú ìwé pé ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Nag's Head ní Cheapside, Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti fi àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn jẹ, láìsí ètò kankan. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ fún ohun tó ju igba ọdún lọ. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà wà ní Lambeth. Ní 17 December 1559, nínú ilé ìsìn kékeré tó wà ní ààfin Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, William Barlow, John Scory, Miles Coverdale àti John Hodgkins gbọ́wọ́ lé Parker lórí. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ò fi aṣọ tí wọ́n wọ̀ pàápàá sílẹ̀: ó ní Coverdale kò wọ aṣọ oyè, ẹ̀wù gígùn tí wọ́n fi òwú irun àgùntàn hun ló wọ̀ wá. Àlùfáà Àgùdà tó mọ ìtàn dunjú, John Lingard, ti fọwọ́ rọ́ ìtàn ilé ọtí yìí sẹ́yìn tipẹ́tipẹ́, Póòpù Leo náà kò sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé e dìde, ẹ má bá a jiyàn lọ títí.

Iṣẹ́ ọwọ́ Thomas Cranmer, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury láyé Henry àti ọmọ rẹ̀ Edward, lohun tó wà nídìí ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn jẹ àlùfáà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọdún 1550 tó dé. Ọkùnrin náà á kúnlẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù á gbọ́wọ́ lé e lórí, á fi òróró pa á lọ́wọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà á gbé ago tí wáìnì wà nínú rẹ̀ fún un, pẹ̀lú àwo tí àkàrà wà lórí rẹ̀, á ní kó gba agbára láti rúbọ sí Ọlọ́run, àti láti ṣe Mísà fún àwọn alààyè àti àwọn òkú. Ní 1550, lábẹ́ Ọba Edward Kẹfà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, ìlànà tuntun tí Cranmer ṣètò jáde. Òróró ti lọ. Ago àti àkàrà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bíbélì ti kún un, ọ̀rọ̀ ẹbọ àti Mísà sì ti pòórá. Àṣẹ láti wàásù ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti láti pín sákírámẹ́ǹtì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di 1552, ago lọ, àkàrà lọ, ó wá ku Bíbélì nìkan lọ́wọ́ àlùfáà tuntun. Ìgbọ́wọ́lé ló dúró, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn nínú Jòhánù orí 20: ẹ gba Ẹ̀mí Mímọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ẹ bá dárí jì, a dárí rẹ̀ jì í.

Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà ayé Cranmer, olówó á fowó sílẹ̀ kó tó kú pé kí wọ́n máa ṣe Mísà fún ọkàn òun; àwọn àlùfáà kan wà tí wọn ò níṣẹ́ mìíràn ju ìyẹn lọ. Òfin ọdún 1547 ló pa irú ilé ìsìn bẹ́ẹ̀ rẹ́, tí dúkìá wọn sì di ti ọba. Lójú Cranmer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Hébérù orí 10 ti parí ọ̀rọ̀: Kristi rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán. Wọ́n ní bí àlùfáà bá ń dúró lójoojúmọ́ láti rúbọ fún ẹ̀ṣẹ̀ alààyè àti òkú, ṣe ló ń fojú kéré àgbélébùú. Ẹ ṣí ẹ̀yìn Ìwé Àdúrà yín, ẹ wo nọ́ńbà 31 nínú Ẹ̀kọ́ Ìsìn 39 wa. Ó pe ẹbọ Mísà ní àròsọ tó kún fún ọ̀rọ̀ òdì àti ẹ̀tàn tó léwu. Cranmer kú lórí ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n sun ún ní Oxford ní 21 March 1556, ọwọ́ tó fi ti bọ̀wé pé òun yí ọ̀rọ̀ òun padà ló sì kọ́kọ́ na sínú iná.

Ìdáhùn Róòmù wá láti Trent, níbi tí àpérò àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ti jókòó lásìkò-lásìkò láti 1545 sí 1563. Ní 17 September 1562, wọ́n ní Mísà kì í ṣe ẹbọ mìíràn tó yàtọ̀ sí ti àgbélébùú. Kristi kan náà ló ń rú u, Kristi kan náà ni ẹbọ. Ọ̀nà tó gbà rú u ló yàtọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ kì í ta sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn wa kì í sábà rántí ni pé ìjókòó yẹn kan náà pàṣẹ fún àwọn Bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n fòpin sí ojúkòkòrò àti ìgbàgbọ́ asán tó ti yí Mísà ká, àti pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ di àlùfáà. Ìhà méjèèjì ló rí i pé ilé ń fẹ́ àtúnṣe. Èmi ò gbà pé ọ̀kan nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́run, tí èkejì kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n ni ìbéèrè yìí: kí ni àlùfáà wà fún nídìí pẹpẹ?

Wọ́n kọ̀wé síra wọn lórí rẹ̀ títí ó fi sú ayé. John Jewel, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Salisbury, gun orí àga ìwàásù ní Paul's Cross, Lọ́ńdọ̀nù, ní 26 November 1559. Ó ní bí ọ̀mọ̀wé kankan bá lè fi Ìwé Mímọ́, tàbí àwọn bàbá ìjọ, tàbí àpérò àtijọ́ láàárín 600 ọdún àkọ́kọ́ fi hàn òun pé àlùfáà ń dá Mísà jẹ láìsí ìjọ níbẹ̀, tàbí pé wọ́n ń fi ago du ìjọ, tàbí pé wọ́n ń gbàdúrà ní èdè tí ìjọ ò gbọ́, òun á túúbá. Thomas Harding dá a lóhùn láti Louvain ní 1564, Jewel tún fèsì, Harding tún fèsì. Ọmọ Devon ni àwọn méjèèjì. Ó wú mi lórí pé nínú gbogbo ìjà náà, wọ́n fẹnu kò lórí ohun kan: Ìjọ àtijọ́ ni kó ṣe adájọ́. Àríyànjiyàn wọn lórí ohun tí Ìjọ àtijọ́ sọ ni.

Ní 1662, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbólóhùn kan kún ìlànà ìfinijoyè: gba Ẹ̀mí Mímọ́ fún oyè àti iṣẹ́ àlùfáà nínú Ìjọ Ọlọ́run. Kí ọdún yẹn tó dé, orúkọ oyè náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù ń sọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí. Èyí wà lára ohun tí Leo gbá mú. Bí àwọn afọbajẹ bá já ewé akòko lé ọkùnrin kan lórí, tí wọn ò sì dárúkọ oyè tí wọ́n fi í jẹ, ta ló mọ̀ bóyá Ọ̀tún ni àbí Baálẹ̀? Leo ní àfikún 1662 fi hàn pé àwọn Áńgílíkà fúnra wọn mọ̀ pé nǹkan kù, ó sì ní bó tilẹ̀ tó, ó ti pẹ́ jù, torí láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé tó ti kọjá, kò sí Bíṣọ́ọ̀bù gidi kankan tó kù tó lè fi ẹlòmíràn jẹ.

Kì í ṣe Leo ló bẹ̀rẹ̀ àṣà títún oyè jẹ yìí o. Ní 1704, John Clement Gordon tó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Galloway ní Scotland di ọmọ Àgùdà, Róòmù sì ní oyè rẹ̀ kò dúró. John Henry Newman ti jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà láti 1825. Ó di ọmọ Àgùdà ní 9 October 1845, wọ́n sì tún un fi jẹ àlùfáà ní Róòmù ní 1847. Ọdún mẹ́rin kó tó kúrò, ó ti gbìyànjú nínú ìwé pélébé kan, Tract 90, láti fi hàn pé Ẹ̀kọ́ 31 ń bá ìwà ìbàjẹ́ tó yí Mísà ká wí ni, kò bá Mísà fúnra rẹ̀ wí. Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Lójú tèmi, bó ṣe ka Ẹ̀kọ́ yẹn kò bá ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́ mu, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi wọ́n dára, wọn kò sì dá a lóhùn tó bó ṣe yẹ.

Ohun tó mú Leo sọ̀rọ̀ ní 1896 dùn ún gbọ́, ó sì tún bani nínú jẹ́, nítorí ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tó jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú, Lord Halifax, gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ sí erékùṣù Madeira. Ibẹ̀ ló ti pàdé àlùfáà Àgùdà ará Faransé kan, Fernand Portal, ní 1890. Ọ̀rẹ́ wọ̀ wọ́n. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì wá rò ó pé bí Ìjọ méjèèjì bá lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ oyè àlùfáà, ó lè ṣí ọ̀nà ìṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n Kádínà Herbert Vaughan ti Westminster kò fara mọ́ ọn. Ìdájọ́ ló fẹ́, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Leo yan ìgbìmọ̀ kan, èrò wọn sì pín sí méjì. Àwọn bíi Louis Duchesne àti Pietro Gasparri rí ìdí láti ṣiyèméjì tàbí láti gbà á. Àwọn bíi Francis Aidan Gasquet àti James Moyes ní rárá. Ìdájọ́ tó jáde le ju ohun tí Halifax àti Portal ti lè rò lọ. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Edward Benson, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, kú sórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Hawarden, níbi tó ti lọ kí William Gladstone, tó ti jẹ́ olórí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Frederick Temple tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ àti William Maclagan ti York ló fèsì ní 1897, ní èdè Látìn, kí gbogbo Bíṣọ́ọ̀bù ayé lè kà á.

Ẹjọ́ Leo dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nígbà ìfinijoyè kò tó. Èkejì ni èrò ọkàn. Ó ní Ìjọ kì í ṣe adájọ́ ohun tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn ènìyàn, àfi èyí tó bá hàn síta. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yọ gbogbo ohun tó ń tọ́ka sí ẹbọ kúrò nínú ìlànà, tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ nítorí pé kò gbà á gbọ́, a jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni oyè tó fẹ́ fúnni. Temple àti Maclagan fèsì pé nínú àdúrà ìfinijoyè tí Róòmù fúnra rẹ̀ ń lò láyé àtijọ́, kò sí ọ̀rọ̀ agbára láti rúbọ níbẹ̀; bí àìsí rẹ̀ bá sọ tiwa di òfo, ó sọ ti Póòpù náà di òfo. Wọ́n tún ní àwa náà ń gbé ẹbọ Kristi kalẹ̀ níwájú Baba nínú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ ìlànà, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wa ló jàre, mi ò sì tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Lórí èrò ọkàn, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Cranmer kọ nípa Mísà wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, kò fi bò rárá pé òun fẹ́ fòpin sí àlùfáà tó ń rúbọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ inú ìlànà 1550 ní àwọn oyè Bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti díákónì ti wà látìgbà àwọn Àpọ́sítélì, àti pé ète ìwé náà ni kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ kí oyè máa bá a lọ, tó sì sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ oyè náà láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ni kí á sọ pé ó ní lọ́kàn? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi mọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé náà. Ní 29 June 1864, ọjọ́ Pétérù Mímọ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Charles Longley fi Samuel Ajayi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ìlànà 1662 ni wọ́n lò. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Crowther kú ni ìwé Leo jáde, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà sì ṣe wí, òun náà kò joyè, àwọn tó gbọ́wọ́ lé lórí kò joyè. Ó yẹ kí ẹ mọ bó ṣe wúwo tó lójú àwọn ọmọ Àgùdà kí ẹ má bàa rò pé ìgbéraga ni. Kí àwọn Fadá tó dé Èkó, Baba Antonio, tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil rí, ló ń kó àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ jọ fún àdúrà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n pa ìgbàgbọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n Mísà kò sí, torí àlùfáà kò sí. Lójú wọn, níbi tí oyè náà kò bá ti dúró, àkàrà ni àkàrà inú àwo, bó ti wù kí ẹni tó gbé e dání jẹ́ olùfọkànsìn tó.

Láti ìgbà náà wá, nǹkan ti yí padà lọ́nà kan, kò yí padà lọ́nà kejì. Halifax àti Portal kò jáwọ́. Ní 1921 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìjókòó lọ́dọ̀ Kádínà Mercier ní Malines, Belgium. Nígbà tí Mercier ń kú lọ ní 1926, ó fún Halifax ní òrùka oyè rẹ̀. Ní 24 March 1966, Póòpù Paul Kẹfà bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sí Michael Ramsey, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, lọ́wọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Paul tó wà lẹ́yìn odi Róòmù. Òrùka Bíṣọ́ọ̀bù ni o, fún ẹni tí ìwé 1896 sọ pé kì í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù. Ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe Ìjọ méjèèjì fẹnu kò ní Windsor ní 1971 pé ẹbọ Kristi kò ṣeé tún rú, àti pé nínú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹbọ kan ṣoṣo náà ń ṣiṣẹ́ láàárín wa. Ká ní Cranmer àti àwọn ará Trent gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, mo gbà gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ìjà wọn ì bá ti rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé 1896 kò kúrò nílẹ̀. Ní November 1992, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò pé kí obìnrin máa jẹ àlùfáà, ohun tí Ìjọ tiwa ní Nàìjíríà kò gbà, Róòmù sì ní ìyẹn ti gbé òkè mìíràn sójú ọ̀nà. Ní 1998, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Vatican dárúkọ ìdájọ́ Leo lára àwọn ohun tí ọmọ Àgùdà gbọ́dọ̀ gbà láìyẹsẹ̀. Ẹnì kan ni mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: Graham Leonard, tó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Old Catholic, ìyẹn ìjọ kan ní Yúróòpù tó yapa kúrò lọ́dọ̀ Póòpù ṣùgbọ́n tí Róòmù gba oyè wọn, ti ń bá wa gbọ́wọ́ lé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù kan lórí, ọwọ́ wọn sì wà nínú ìlà tí oyè Leonard gbà wá. Nítorí náà, ní 1994, ìfinijoyè alábàá ni wọ́n ṣe fún un, ìyẹn ni pé bí kò bá tíì jẹ́ àlùfáà tẹ́lẹ̀, kó di àlùfáà báyìí.

Àbúrò ọkọ yín ò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láti orí díákónì. Ìyàwó rẹ̀ lè jókòó síwájú nítorí ètò tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún là kalẹ̀ ní November 2009 fún àwọn Áńgílíkà tó bá fẹ́ wọlé pẹ̀lú àṣà ìsìn wọn. Wọ́n dá ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní January 2011, Póòpù sì lè yọ̀ǹda fún ẹni tó ti gbéyàwó kó joyè.

Ẹ béèrè bóyá ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀ kò jámọ́ nǹkan kan. Ìjọ Àgùdà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àpérò Vatican Kejì sọ ọ́ ní 1964 pé Ẹ̀mí Kristi kò kọ̀ láti lo àwọn ìjọ tó yapa gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìgbàlà. Àdúrà kan sì wà tí wọ́n ń gbà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n bá ń fi irú àwọn ènìyàn báyìí joyè, tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo ọdún tí wọ́n fi òtítọ́ sìn gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Áńgílíkà. Ẹ tún fídíò yẹn wò níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ó wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí ẹ ó bá pàdé bí ẹ bá lọ kí i. Bó bá ń ṣe Mísà, ẹ lè bá wọn jókòó, ẹ lè bá wọn gbàdúrà àti orin, ṣùgbọ́n òfin wọn kò gbà kó fún yín ní ara Olúwa, àfi nínú ewu ikú tàbí dandan ńlá mìíràn tí Bíṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlú Ọba, ẹni tí kò bá ní gbà á lè tò síwájú, kó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, àlùfáà á sì súre fún un. Ẹ bi í kí ẹ tó lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tirẹ̀.